Ẹ̀kọ́ lórí Àròkọ Aláríyànjiyàn: Ṣé Àdúrà Nìkan Tó fún Onígbàgbọ́?

Ìbéèrè: "Àdúrà nìkan tó fún Kristẹni, ẹni tí ó bá tún ń sá sókè sódò lẹ́yìn àdúrà, ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò pé." Ǹjẹ́ o fara mọ́ ọ̀rọ̀ yìí? Sọ èrò rẹ.

OHUN TÍ ÌBÉÈRÈ YÌÍ Ń FẸ́

Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́, àròkọ aláríyànjiyàn ni èyí. Ẹjọ́ ni o ń rò nínú irú àròkọ báyìí. Ẹni tí ó bá ń rojọ́ níwájú àwọn àgbà kì í pariwo, kì í sì í bú ẹnì kejì rẹ̀. Ohun tí ojú rí ni ó fi ń ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Ní gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ni ní ilé-ìwé girama, ọ̀nà mẹ́ta ni mo rí tí àwọn ọmọ máa ń gbà ba irú ìbéèrè yìí jẹ́.

Èkíní, wọn a sọ àròkọ di ìwàásù. Wọn a to ẹsẹ Bíbélì jọ láti òkè ìwé dé ìsàlẹ̀, láìsọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi wọ́n ṣe. Èkejì, wọn a fi ẹni tí èrò rẹ̀ yàtọ̀ sí tiwọn ṣe yẹ̀yẹ́, bí ẹni pé ọ̀lẹ ni gbogbo ẹni tí ń gbààwẹ̀, tàbí pé aláìgbàgbọ́ ni gbogbo ẹni tí ń lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ̀kẹta ni ó burú jù: wọn kì í mú àpẹẹrẹ kan ṣoṣo tí a lè fọwọ́ tọ́ jáde. "Ó yẹ kí á máa ṣiṣẹ́, ó yẹ kí á máa gbàdúrà" ni wọn yóò máa wí títí ìwé yóò fi kún.

Nítorí náà, kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé, wá àpẹẹrẹ kan tí o mọ̀ dájú, tí ó sì sún mọ́ ilé. Èmi yan àrùn sòbìà. Mo yàn án nítorí pé ó ti da àwọn ará abúlé oko tí ó yí Ìbàdàn ká láàmú rí. A mọ ọ̀nà tí ó ń gbà wọlé, a mọ bí a ṣe lé e jáde, àwọn kan tí wọ́n sì ṣáájú nínú lílé rẹ̀ jẹ́ ẹni àdúrà tí gbogbo ayé mọ̀.

ÌLAPA ÈRÒ

1. Ìfáàrà: ohun tí a ń jiyàn lé lórí, àti ibi tí mo dúró sí.
2. Ọ̀rọ̀ àwọn tí ó ní àdúrà nìkan tó: kí á sọ ọ́ bí àwọn fúnra wọn ì bá ti sọ ọ́.
3. Èsì mi, pẹ̀lú ẹ̀rí méjì láti inú Bíbélì.
4. Àpẹẹrẹ láti ilé: bí sòbìà ṣe ń ṣe é.
5. Bí a ṣe lé sòbìà lọ, àti àwọn tí ó lé e.
6. Ewu tí ó wà nínú iṣẹ́ láìsí àdúrà.
7. Ìgúnlẹ̀.

ÀRÒKỌ ÀWÒKỌ́ṢE

Kò sí Kristẹni kan tí yóò jiyàn pé àdúrà kò ṣe pàtàkì. Ní abúlé oko wa, àgbẹ̀ a kúnlẹ̀ kí ó tó gbé ọkọ́ àti àdá. Bí aboyún bá ń rọbí, bí ọmọ bá fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́, bí òjò bá kọ̀ tí kò rọ̀, ilé ìjọsìn ni à ń sáré lọ. Ohun tí a ń jiyàn lé lórí ni èyí: lẹ́yìn tí a bá ti ṣe "Àmín" tán, ǹjẹ́ iṣẹ́ kan tún kù fún wa? Èmi gbà pé ó kù. Ohun tí Ọlọ́run bá ti fi sí àrọ́wọ́tó wa, ojúṣe wa ni láti ṣe é. Àdúrà kò gbà á lọ́wọ́ wa.

Kí á kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu ẹnì kejì. Àwọn tí ó ní àdúrà nìkan tó kì í ṣe òmùgọ̀. Ní ọdún 1918, àjàkálẹ̀ àrùn influenza jà káàkiri ayé, ó sì dé ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn dókítà ìgbà náà kò ní oògùn tí ó ká a. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn kan nínú ìjọ St. Saviour kó ara wọn jọ fún àdúrà, ibẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan nínú orísun àwọn ìjọ Aládùúrà. Ní ọdún 1930, nígbà ìsọjí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ní Iléṣà, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ni ó rọ́ lọ síbẹ̀ fún ìwòsàn nípa àdúrà. Àwọn tí ó rí nǹkan wọ̀nyí ń bi wá pé: bí Ọlọ́run bá lè ṣe èyí, kí ni a tún ń wá kiri? Ìbéèrè gidi ni, kò yẹ kí á fi rẹ́rìn-ín.

Èsì mi ni pé níbi tí ọwọ́ ẹ̀dá kò bá tó mọ́, kíkúnlẹ̀ ni ó kù. Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ níbi tí a ti mọ ohun tí a lè ṣe, tí a sì kọ̀ láti ṣe é. Nígbà tí àwọn ọ̀tá ń halẹ̀ mọ́ Nehemáyà nídìí odi Jerúsálẹ́mù, ó gbàdúrà, ó sì tún yan àwọn ẹ̀ṣọ́ tọ̀sán-tòru. Nígbà tí Hesekáyà ọba ń ṣàìsàn, ó sunkún sí Ọlọ́run, Ọlọ́run sì gbọ́. Síbẹ̀ wòlíì Àìsáyà ní kí wọ́n mú èso ọ̀pọ̀tọ́ lé oówo rẹ̀. Ọlọ́run tí ó gbọ́ àdúrà ọba kò sọ pé kí wọ́n fi oówo náà sílẹ̀ láìtọ́jú.

Ní ilẹ̀ tiwa, àrùn sòbìà ni ó fi ọ̀rọ̀ yìí hàn jù lọ. Àwọn baba wa mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi pa òwe: kí sòbìà tó degbò, olúgàńbe là á ké sí. Bí ó ṣe ń ṣe é nìyí. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí odò kéékèèké bá gbẹ, inú adágún ni àwọn ará oko ti ń pọn omi mu. Kòkòrò tíntìntín kan wà nínú omi náà, ọmọ sòbìà sì wà nínú kòkòrò yìí. Ẹni tí ó bá mu ún kò ní mọ nǹkan kan fún nǹkan bí ọdún kan. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ yóò lé ròrò, tí yóò máa ta á bí iná, tí aràn funfun tí ó lè gùn tó mítà kan yóò sì yọjú. Kò sí oògùn tí ó ń wò ó, kò sì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Igi kékeré ni wọ́n fi ń ká a jáde díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Bí aláìsàn bá wá ti ẹsẹ̀ bọ adágún kí ara lè tù ú, aràn náà yóò tú ọmọ sínú omi, àìsàn ọdún tí ń bọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àgbẹ̀ tí sòbìà bá dá jókòó kò lè kọ ebè. Ọmọ tí ó bá mú kò lè rìn dé ilé-ìwé.

Ẹ wò ó dáadáa. Ẹni tí sòbìà ń bá jà lè gbàdúrà ìwòsàn ní alẹ́, kí ó sì tún lọ mu ọmọ sòbìà mìíràn ní òwúrọ̀. Kì í ṣe pé Ọlọ́run kò gbọ́. Ohun tí ó kù wà lọ́wọ́ ẹni tí ń pọn omi: kí ó fi aṣọ tí ojú rẹ̀ há sẹ́ omi náà, bí ìyá wa ti ń sẹ́ ògì, tàbí kí ó sè é. Ó wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ní egbò, kí ó má wọ inú adágún. Ó wà lọ́wọ́ ìlú àti ìjọba, kí wọ́n gbẹ́ kànga, kí wọ́n sì fi oògùn pa kòkòrò inú adágún.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ wá àwọn alárùn sòbìà káàkiri Nàìjíríà, láàárín ọdún 1987 sí 1988, iye tí wọ́n rí lé ní 650,000. Ta ni ó ṣáájú nínú ìjà náà? Ní àgbáyé, Jimmy Carter ni, tí ó jẹ ààrẹ Amẹ́ríkà láti 1977 sí 1981. Láti ọdún 1986 ni àjọ rẹ̀ ti ń darí iṣẹ́ náà. Ọkùnrin yìí kan náà ń kọ́ni ní ilé-ìwé ọjọ́ ìsinmi nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi ìlú rẹ̀ títí di ọjọ́ ogbó. Ní Nàìjíríà, Ọ̀gágun Yakubu Gowon wà lára wọn, ẹni tí ó ṣe olórí ìjọba láti 1966 sí 1975. Ajíhìnrere CMS ni bàbá rẹ̀. Ní ọdún 1996, Gowon dá ẹgbẹ́ Nigeria Prays sílẹ̀, láti máa kó àwọn ènìyàn jọ gbàdúrà fún orílẹ̀-èdè yìí. Ní ọdún 1999, ó gbára dì fún ìjà sòbìà. Ó ń lọ sí àwọn abúlé, ó ń rọ àwọn ará ìlú láti sẹ́ omi, ó sì ń bẹ àwọn aláṣẹ pé kí wọ́n gbẹ́ kànga. Àdúrà rẹ̀ kò dá ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2008 ni a rí ẹni ìkẹyìn tí ó kó sòbìà ní Nàìjíríà. Ní ọdún 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé àrùn náà ti kásẹ̀ nílẹ̀ wa.

Ṣùgbọ́n ewu wà ní apá kejì pẹ̀lú. Ẹni tí ń ṣiṣẹ́ láìgbàdúrà lè rò pé agbára òun ni ó ṣe é, ọkàn rẹ̀ a sì tètè rẹ̀wẹ̀sì. Láti 1988 dé 2008, 20 ọdún ni. Ẹni tí ó sẹ́ omi lónìí kò ní mọ̀ bóyá òun bọ́ àfi lẹ́yìn ọdún kan. Ó ń ṣe làálàá fún èrè tí kò tí ì fojú rí. Kí ni a ń pe irú èyí bí kò ṣe ìgbàgbọ́? Ẹni tí ó mú aṣọ lọ́wọ́ létí omi kò fi ìgbàgbọ́ sílẹ̀, òun gan-an ni ó ń lò ó.

Ní ìgúnlẹ̀, mo gbà pé àdúrà ni Kristẹni fi ń bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn pé ìgbàgbọ́ ẹni tí ó dìde ṣiṣẹ́ kò pé. Kí aboyún gbàdúrà, kí ó sì lọ fún àyẹ̀wò. Kí àgbẹ̀ bẹ Ọlọ́run fún òjò, kí òjò sì bá ebè rẹ̀ nílẹ̀. Ohun tí ó bá ju agbára wa lọ, kí á fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Èyí tí a mọ̀ ọ́n ṣe, kí á má fi dá A lẹ́bi pé kò ṣe é fún wa.

ÀKÍYÈSÍ

1. Àròkọ yìí gùn ju ohun tí o lè kọ nínú gbọ̀ngán ìdánwò lọ. Mo mú un gùn kí o lè rí bí èrò kan ṣe ń bí òmíràn. Ní ọjọ́ ìdánwò, ẹ̀rí kan láti inú Bíbélì àti àpẹẹrẹ kan láti ilé tó.

2. Wo ìpínrọ̀ kejì. A ro ẹjọ́ ẹnì kejì dáadáa kí a tó dá a lóhùn. Ẹni tí ń yẹ ìwé wò yóò mọ̀ pé o ronú, pé o kò kàn gbè sẹ́yìn apá kan.

3. Òwe kan ṣoṣo ni a pa, ibi tí ó bá a mu ni a sì ti pa á. Ewé tí a fi ń tọ́jú sòbìà ni olúgàńbe. Ohun tí òwe náà ń wí ni pé kí á tètè wá nǹkan ṣe kí ọ̀rọ̀ tó bàjẹ́. Má ṣe kó òwe mẹ́wàá jọ bí ẹni ń pa òwe fún ìdíje.

4. Kọ ọdún àti iye tí ó bá dá ọ lójú nìkan. Èyí tí kò bá dá ọ lójú, fi í sílẹ̀. Irọ́ kan ṣoṣo a máa ba òótọ́ mẹ́sàn-án jẹ́.

5. Bí o bá jẹ́ Mùsùlùmí, má ṣe sá fún ìbéèrè yìí. Bí o ṣe rò ó ni a ń wò, a kì í wo ẹ̀sìn rẹ.

6. Ìbéèrè yìí kan ìwọ náà. Bí ìdánwò bá ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ a máa lọ sí ìsọ́ òru, wọn a sì gbé kálàmù wọn lọ fún àdúrà. Kò sí ohun tí ó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bi ara rẹ léèrè: ìwé tí a yàn fún kíkà, mo ti kà á tán? Àròkọ mélòó ni mo ti kọ fún olùkọ́ láti yẹ̀ wò? Kálàmù tí a gbàdúrà sí kò lè kọ ohun tí o kò kà. Ẹni tí ó sì ń wá ìdáhùn ìdánwò rà kiri, kò gbàdúrà, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣiṣẹ́.

IṢẸ́ ṢÍṢE

1. Ṣe ìlapa èrò fún ìbéèrè yìí, kí o sì lo àpẹẹrẹ mìíràn tí o mọ̀ ní àdúgbò rẹ dípò sòbìà.

2. Gbà pé o fara mọ́ ọ̀rọ̀ inú ìbéèrè náà. Kọ ìpínrọ̀ méjì láti fi gbè é lẹ́yìn, láìbú ẹnikẹ́ni.

3. Kọ lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n rẹ tí ó kọ̀ láti gbé ọmọ rẹ̀ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára nítorí pé ó ń gbàdúrà fún un. Má gbàgbé pé ẹ̀gbọ́n rẹ ni: "ẹ" ni kí o fi bá a sọ̀rọ̀, kì í ṣe "o".