Ṣé alángbá orí fẹ́ǹsì ń fò?

Ìbéèrè: Òkè-Àfà ní Ìsọlọ̀ ni mò ń gbé. Alángbá kan bọ́ láti orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa, ó na ọwọ́ na ẹsẹ̀, ó balẹ̀ pì, ó sì sá lọ. Ọmọ mi ní òun rí irú rẹ̀ tó ń fò nínú tẹlifíṣọ̀n. Ṣé ẹbí ni wọ́n?

Ìdáhùn: Ẹbí ni wọ́n, Màmá. Àmọ́ tiyín kò fò, ó kàn já bọ́ ni. Ara rẹ̀ tó fúyẹ́ ni kò jẹ́ kó ṣèṣe.

Ó jọ pé Draco volans lọmọ yín rí, ará erékùṣù Java ní Indonéṣíà. Egungun ìhà rẹ̀ gùn yọ, awọ fẹ́lẹ́ sì so wọ́n pọ̀. Bó bá fẹ́ ti orí igi kan bọ́ sórí òmíràn, á na ìhà wọ̀nyẹn bí ẹni ṣí agboòrùn, atẹ́gùn á sì gbé e lọ.

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run; ìrísí lásán kò fi ẹbí hàn. Linnaeus, onímọ̀ ará Sweden, ya Draco sọ́tọ̀ lọ́dún 1758, ó sì da irú tiwa pọ̀ mọ́ Lacerta, ìran alángbá Yúróòpù. Eyín ló tú wọn fó. Ẹ la ẹnu òkú alángbá wò: eyín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò ní ihò tó fìdí sí, orí egungun àgbọ̀n ló lẹ̀ mọ́, bó bá sì kán, òmíràn kì í hù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Draco, bẹ́ẹ̀ sì ni ti alágẹmọ. Àyẹ̀wò DNA tún fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ẹbí Agamidae ni alángbá yín àti Draco. Agama agama ni ọ̀pọ̀ ìwé ṣì ń pe tiwa, ṣùgbọ́n láti 2014 ni àwọn onímọ̀ ti dá orúkọ tí Peters ará Jámánì fún un lọ́dún 1877 padà: Agama picticauda.

Áfíríkà náà ní èyí tó ń rá bàbà, òun ló sì wù mí jù: Holaspis guentheri, ará igbó láti Sierra Leone títí dé Kóńgò. Ó dúdú, ó nílà ìyeyè lẹ́yìn, ìrù rẹ̀ búlúù. Kò ní awọ ìyẹ́ rárá, fífúyẹ́ ara rẹ̀ ló ń gbé e. Síbẹ̀, ẹbí Lacertidae ló ti wá, kò bá Draco tan tó bí alángbá Òkè-Àfà ṣe bá a tan.

Ara igi inú igbó ni Holaspis ń gbé, ọmọ yín kò ní rí i ní Ìsọlọ̀. Èyí tó wà lórí fẹ́ǹsì ni kó máa wò, kó má sì sọ ọ́ lókò. Èèrà ilé yín ló ń jẹ.