Bí RV Bá Kú Lójú Ọ̀nà, Ta Ni Yóò Dáhùn?

Ìbéèrè: Ìlú Houston ní Texas ni èmi, ọkọ mi àti àwọn ọmọ wa mẹ́ta ń gbé. Ìbejì ti pé ọdún mẹ́jọ, Ìdòwú sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pé mẹ́rin. Ìyá ọkọ mi ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta nínú oṣù kẹfà, wọn ò sì ní padà títí di oṣù kejìlá. A fẹ́ háyà RV, ọkọ̀ tó ní ibùsùn, ibi ìdáná àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú, kí gbogbo wa fi ọjọ́ méje lọ wo ọgbà Big Bend nínú oṣù keje. Ilé-iṣẹ́ ńlá kan ní ká san dọ́là 190 lóòjọ́ fún èyí tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 25. Ọkùnrin kan tó ń fi tirẹ̀ háyà lórí ìkànnì Outdoorsy ní dọ́là 145 fún ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 31. Ọkọ mi ní ti ọkùnrin yẹn ló dára jù, nítorí inú rẹ̀ lẹ́wà, owó rẹ̀ sì dín. Ọkàn tèmi ò balẹ̀. Mo ti fi ìwé iye owó méjèèjì ránṣẹ́ sí yín. Kí ni ká ṣe?
Ìyá Ìbejì, Houston

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú àmójútó ilé o. Inú mi dùn sí ìrìn àjò yìí. Ọ̀pọ̀ màmá wa ló ń wá sí Amẹ́ríkà, tí wọ́n á tọ́jú ọmọ-ọmọ fún oṣù mẹ́fà, tí wọ́n á sì padà láìrí ju ilé ìtajà àti ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ ro tiwọn mọ́ tiyín.

Mo ti ka ìwé méjèèjì. Láti Houston dé Big Bend tó nǹkan bí 600 máìlì. Tẹ́ ẹ bá ka àlọ, àbọ̀ àti ìrìn inú ọgbà, ẹ fi sí 1,400. Ilé-iṣẹ́ yẹn ń gba sẹ́ǹtì 40 lórí máìlì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn dọ́là 560. Ẹ fi í kún 1,330 ti ọjọ́ méje, ó di 1,890, ìdójútòfò tó kéré jù sì ti wà nínú rẹ̀. Ọkùnrin yẹn fún yín ní 100 máìlì lóòjọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ 700 tó ṣẹ́ kù yóò gba 280. Ìdójútòfò jẹ́ 245, owó ìkànnì 180, owó ìmọ́tótó 100. Tẹ́ ẹ bá fi 1,015 ti ọjọ́ méje sí i, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 1,820. Dọ́là 70 péré ni ìyàtọ̀. Epo ò sí nínú èyí o. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í sábà rìn ju máìlì mẹ́jọ sí mẹ́wàá lọ lórí gálọ́ọ̀nù kan, èyí tó gùn jù ló sì máa ń mu epo jù.

Owó kọ́ ló yẹ kó pinnu, nígbà náà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin àti Bàbá Ìbejì jókòó rò ni ẹni tó máa dáhùn bí ọkọ̀ bá kú. Láti ìlú kékeré Marathon títí dé Panther Junction nínú ọgbà Big Bend tó 70 máìlì, aṣálẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, fóònù kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ilé-iṣẹ́ ńlá bíi Cruise America ní ọkọ̀ púpọ̀ àti ẹ̀ka káàkiri. Bí ọkọ̀ kan bá dákú, ó ṣeé ṣe kí wọ́n wá òmíràn fún yín. Ọkọ̀ kan ni ọkùnrin orí Outdoorsy yẹn ní. Òótọ́ ni pé Outdoorsy àti RVshare, ìkànnì mìíràn bíi tirẹ̀, ní nọ́ńbà tẹ́ ẹ lè pè kí wọ́n wá wọ́ ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ṣùgbọ́n níbo ni màmá yóò sùn lálẹ́ ọjọ́ náà?

Mi ò bú àwọn aládàáni o. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń tọ́jú RV wọn bí ẹni ń tọ́jú ilé ara rẹ̀. Wọ́n á fi ìkòkò, abọ́, aṣọ ibùsùn àti àga ìjókòó síta fún yín láìgba kọ́bọ̀ lé e, nígbà tí ilé-iṣẹ́ máa ń gbowó ọ̀tọ̀ lórí wọn. Wọ́n á fi sùúrù kọ́ yín bí gbogbo nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé àwọn mìíràn á fi pickup wọn fa ilé onítáyà wá síbi tẹ́ ẹ fẹ́ lò ó, wọ́n á so iná àti omi mọ́ ọn, wọ́n á sì padà wá gbé e lọ. Ẹ̀yin ò ní wa nǹkan kan.

Ọ̀nà tí mo rí sí i nìyí. Ẹ má lọ Big Bend nínú oṣù keje. Létí odò Rio Grande, ooru ìgbà yẹn máa ń kọjá 100 Fahrenheit. Ibi tí wọ́n ti lè so RV mọ́ iná, omi àti ihò ìdọ̀tí nínú ọgbà náà kò ju 25 lọ, ní Rio Grande Village. Bẹ́ ẹ bá pàdánù rẹ̀, jẹnẹrétọ̀ nìkan ló kù, wọn kì í sì í gbà kí ó ké lóru. Ẹ háyà lọ́wọ́ aládàáni fún ọjọ́ mẹ́ta, kó gbé e wá fún yín sí Galveston Island State Park, tí kò jìnnà púpọ̀ sí Houston. Òkun wà lápá kan, ọ̀sà lápá kejì. Ẹ bi ọgbà náà léèrè bóyá wọ́n ń gba ọkọ̀ tí ẹlòmíràn gbé wá, kẹ́ ẹ tó sanwó. Níbẹ̀ lẹ ó ti mọ̀ bóyá màmá lè sun irú ibùsùn bẹ́ẹ̀. Kí Big Bend di ọ̀sẹ̀ Thanksgiving nínú oṣù kọkànlá, kẹ́ ẹ sì gba ti ilé-iṣẹ́ fún un.

Nígbà náà pẹ̀lú, ẹ má gba ọ̀nà Chisos Basin. Àwọn alábòójútó ọgbà ti kìlọ̀ pé kò yẹ RV tó gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 24, nítorí ọ̀nà náà ga, ó sì yí kọ́rọkọ̀rọ. Méjèèjì tẹ́ ẹ dárúkọ ló ti kọjá bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìjókòó kò jẹ́ kí n lè sinmi. Àwọn tó ń fi ọkọ̀ háyà á ní ó gba èèyàn mẹ́fà. Ibùsùn ni wọ́n ń kà. Ìjókòó tó kọjú síwájú, tó ní bẹ́líìtì gidi, ni kí ẹ̀yin kà. Àga ọmọdé Ìdòwú kò gbọdọ̀ wà lórí ìjókòó tó kọ ẹ̀gbẹ́ síwájú ọkọ̀. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ dùbúlẹ̀ lórí ìrìn, bó ti wù kó rẹ̀ ẹ́ tó. Ibùsùn tó wà lókè orí awakọ̀, àkàbà ni wọ́n fi ń gùn ún. Ti Ìbejì nìyẹn, kì í ṣe ti màmá.

Ẹ pe àwọn tó ń ṣe ìdójútòfò mọ́tò yín, kí wọ́n fi èsì ránṣẹ́ ní kíkọ, torí ó lè má kan RV, pàápàá ti aládàáni. Ọ̀pọ̀ káàdì báńkì sì yọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ka ohun tí àdéhùn sọ nípa òrùlé ọkọ̀. Irú RV bẹ́ẹ̀ lè ga tó ẹsẹ̀ bàtà 12, òrùlé ilé epo àti ẹ̀ka igi ló sì ń ya á. Ọ̀pọ̀ àdéhùn kì í san irú owó bẹ́ẹ̀. Kí Bàbá Ìbejì kọ gíga ọkọ̀ sára bébà, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú rẹ̀.

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé ọkọ̀, ẹ ya fídíò inú, ìta àti òrùlé kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí nǹkan kan. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà. Nọ́ńbà mẹ́rin ló máa ń parí kóòdù tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà DOT. Bó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. RV kì í rìn púpọ̀, nítorí náà ojú táyà lè ṣì jinlẹ̀ nígbà tí rọ́bà rẹ̀ ti gbó sínú oòrùn. Èmi ò ní gbé màmá sínú ọkọ̀ tí táyà rẹ̀ ti lé lọ́dún mẹ́fà. Ẹ dán ẹ̀rọ tó ń ké bí gáàsì bá ń jò wò, àti ti èéfín olóró.

Ní ti oúnjẹ, òórùn irú àti ẹja gbígbẹ máa ń wọ aṣọ ìjókòó, owó ìmọ́tótó á sì lé sí i. Ẹ gbé sítóòfù gáàsì kékeré dání, kẹ́ ẹ máa rokà níta. Bó bá jẹ́ iná 30 amp lẹ fà, ẹ má tan ẹ̀rọ amúlétutù àti maikirowéfù pa pọ̀, iná lè gé.

Bí aládàáni kan bá ní kẹ́ ẹ fi Zelle sanwó fún òun lẹ́yìn ìkànnì kó lè dín in kù, ẹ kọ̀ ọ́. Ìdójútòfò ìkànnì kì í sí lórí àdéhùn tí kò gba ibẹ̀ kọjá.

Ẹ bá mi bẹ Bàbá Ìbejì kó fara mọ́ Galveston fún oṣù keje. Kẹ́ ẹ sì tètè gba ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ àti ààyè ní Rio Grande Village sílẹ̀ fún oṣù kọkànlá, nítorí ọ̀sẹ̀ Thanksgiving kì í pẹ́ kún.