Bí Ẹ́síì Bá Ń Rùn, Kí Ni Imú Ń Sọ fún Wa?

Inú ilé wa ni ẹ̀kọ́ ti ọ̀sẹ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ọyẹ́ lọ tí ooru dé, Mọ́mì tan ẹ́síì pálọ̀ wa, èyí tí a kò tàn fún bí oṣù mẹ́ta. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí òórùn bí ìbọ̀sẹ̀ tí wọn kò fọ̀ fi gba gbogbo ilé. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sáré gbé lọ́fínńdà, ó fín in káàkiri. Ni òórùn ìbọ̀sẹ̀ bá di òórùn ìbọ̀sẹ̀ tó fín lọ́fínńdà!

Nígbà tí ẹni tó ń tún ẹ́síì ṣe dé, ẹ̀rín ló fi wa rín. Ó ní, "A kì í fi ètè sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Òórùn kọ́ ni àìsàn ẹ̀rọ yìí, òórùn lẹ máa fi mọ àìsàn rẹ̀."

Báwo ni ẹ́síì ṣe ń ṣiṣẹ́?

Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ńṣe ni ẹ́síì ń ṣe òtútù. Rárá o, ooru ló ń kó jáde. Gáàsì kan ń yí po nínú páìpù rẹ̀. Nínú yàrá, gáàsì náà máa ń tutù, á fa ooru mọ́ra. Tó bá dé apá tó wà níta, wọ́n á fún un pọ̀, á gbóná, fáànù á sì fẹ́ ooru náà dànù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, irú rẹ̀ wà tó lè yí iṣẹ́ yìí padà: nígbà òtútù, á fa ooru láti ìta wá sínú ilé. Heat pump ni wọ́n ń pè é.

Bí atẹ́gùn yàrá bá ṣe ń kan páìpù tútù yẹn, omi á máa sẹ̀ sí i lára, bí ife omi tútù ṣe máa ń làágùn. Omi náà á kán sínú àwo kan, á gba ọ̀pá jáde. Níbi tí omi àti eruku bá ti pàdé nínú òkùnkùn, ohun tó máa ń hù lára búrẹ́dì tó ti pẹ́ á hù níbẹ̀.

Òórùn márùn-ún àti ohun tó ń fà á

1. *Òórùn ìbọ̀sẹ̀ tàbí aṣọ tí kò gbẹ:* Asẹ́ inú rẹ̀ ti dọ̀tí, tàbí nǹkan ti hù sára páìpù. Ẹ pa ẹ́síì, ẹ yọ asẹ́, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó dá a padà. Ẹni tó ní ikọ́ fée kò gbọdọ̀ máa fa irú atẹ́gùn bẹ́ẹ̀ símú.

2. *Òórùn òkú ẹran:* Ọmọńlé tàbí eku ti kú sínú rẹ̀. Àfi kí wọ́n yọ ọ́.

3. *Òórùn gọ́tà:* Ẹ wo ibi tí ọ̀pá omi rẹ̀ parí sí. Bó bá wọnú gọ́tà, òórùn ibẹ̀ lè gba inú ọ̀pá wọlé.

4. *Òórùn tó dùn díẹ̀, bíi ti kẹ́míkà:* Ó lè jẹ́ pé gáàsì ń jò. Ọ̀pọ̀ irú gáàsì yìí kì í rùn, nítorí náà ẹ tún wò ó bóyá ẹ́síì kò tutù mọ́, tàbí yìnyín ń dì sára páìpù. Irú kan wà, bíi R-290, tó lè gbaná. Ẹ pa ẹ́síì, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ má ṣáná.

5. *Òórùn wáyà tàbí ike tó ń jó:* Èyí ló burú jù! Ẹ má dúró wò ó. Ẹ pa á, kí ẹ ní kí àgbàlagbà pa bírékà. Bí ẹ bá rí èéfín tàbí iná, ẹ jáde, kí ẹ pe 112. Ẹ má da omi sí iná tó ń jó lára wáyà o.

Èyí tí imú kò lè gbọ́

Bí iná bá lọ, àwọn kan máa ń tan jẹnẹrétọ̀ sẹ́nu ọ̀nà kí ẹ́síì lè ṣiṣẹ́, wọ́n á sì ti gbogbo fèrèsé. Carbon monoxide wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń pa èèyàn lójú oorun. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí ilé, sí fèrèsé àti sí ilẹ̀kùn. Bí orí bá ń fọ́ yín tí òòyì sì ń kọ́ yín, ẹ jáde síta kíákíá, ẹ pe àwọn yòókù jáde.

Ní tiwa, eruku ló bo asẹ́, ìdọ̀tí sì dí ọ̀pá omi. Wọ́n fọ gbogbo rẹ̀, òórùn lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ti dá lọ́fínńdà rẹ̀ padà sí yàrá.

Iṣẹ́ àṣetiléwá: Ta ló fọ asẹ́ ẹ́síì ilé yín kẹ́yìn, ìgbà wo sì ni? Bí ẹ kò bá ní ẹ́síì, ẹ fi ẹsẹ̀ wọn ibi tí jẹnẹrétọ̀ yín, tàbí ti aládùúgbò, jìnnà sí fèrèsé yín dé. Ẹ kọ ìdáhùn yín, ẹ lẹ̀ ẹ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé yìí.