Ẹ̀kọ́ Láti Zaitun ní Ilẹ̀ Ṣáínà

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin lóbìnrin, ẹ jẹ́ kí a jọ wo Quanzhou, ìlú etí òkun ní Ṣáínà, tí àwọn Lárúbáwá ayé àtijọ́ ń pè ní Zaitun.

Láyé àwọn ọba Song, Quanzhou jẹ́ olú-ìlú àgbègbè ìjọba kan, irú èyí tí wọ́n ń pè ní zhou. Ìjọba ìbílẹ̀ méje ni ó wà lábẹ́ rẹ̀. Láti ààfin ni wọ́n ti ń yan alákòóso rẹ̀, tí yóò máa gba owó orí, tí yóò sì máa dájọ́. Wọn kì í sábà yan ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀, kí ó má baà ṣe ojúsàájú fún ẹbí rẹ̀.

Ní ọdún 1087, ìjọba dá ilé iṣẹ́ owó bodè sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn oníṣòwò Mùsùlùmí ń gbé tùràrí wá, wọ́n ń ra ṣẹ́dà àti àwo tánganran lọ. Àkọlé Lárúbáwá tí ó wà lára òkúta Mọ́ṣáláṣí Ashab sọ pé ọdún 400 Híjírà (1009 sí 1010) ni wọ́n kọ́ ọ.

Pu Shougeng, ọmọ ìdílé Mùsùlùmí, di ọ̀gá ilé iṣẹ́ owó bodè náà. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1276, ó kẹ̀yìn sí ọba Song, ó gbè sẹ́yìn àwọn Mongol, wọ́n sì pa ọ̀pọ̀ ìbátan ọba ní ìlú náà. Àwọn Mùsùlùmí rí ipò àti ọrọ̀ lábẹ́ ìjọba tuntun. Kò tọ́jọ́. Ní ọdún 1357, àwọn ọmọ ogun Mùsùlùmí gba ìlú. Ní 1366, wọ́n ṣẹ́gun wọn, wọ́n pa ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí, àwọn yòókù sì sá.

Ìdílé Ding ní Chendai, nítòsí Quanzhou, wà lára àtọmọdọ́mọ wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò kírun mọ́. Wọ́n ń gbé oúnjẹ fún òkú, èyí tí Ìsìláàmù kọ̀; síbẹ̀ wọn kì í fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sí i, nítorí wọ́n rántí pé Mùsùlùmí ni baba ńlá wọn. Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn, èèwọ̀ náà kù, ẹ̀sìn ti lọ.

Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ nìyí:

1. Ipò jẹ́ àmáánà. Ẹni tí ó bá fi dalẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ lè jẹ nínú gbèsè rẹ̀.

2. Òkúta lè pa àkọlé mọ́, kò lè kọ́ ọmọ. Bí a bá sọ ọmọ ní Sulaiman tàbí Maryam, tí a kò kọ́ ọ ní ìrun àti ìtumọ̀ ohun tí ó ń ké, orúkọ nìkan ni a fi sílẹ̀ fún un.

Kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí ẹ̀sìn kú mọ́ wa lọ́wọ́. Àmín.