Àpótí Ìmọ̀: Owó Oògùn Àtọ̀gbẹ àti Ti Ìsanra ní Dublin

Ní Dublin, bí ó ti rí jákèjádò Ireland, alárùn àtọ̀gbẹ lè forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ Long Term Illness Scheme, ètò ìjọba fún àwọn àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ kan, kí ó sì máa gba oògùn àìsàn náà lọ́fẹ̀ẹ́, láìka iye tí ń wọlé fún un sí. Ìsanra àpọ̀jù kò sí nínú ètò yìí. Láti 2023 ni HSE, àjọ ìlera ìjọba, ti ń dá sí owó Saxenda, abẹ́rẹ́ tí ń dín ebi kù, ṣùgbọ́n kìkì fún ẹni tí BMI rẹ̀, èyíinì ni òṣùwọ̀n ìwúwo ara sí gíga, tó 35, tí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń sún mọ́ ti àtọ̀gbẹ, tí ewu àrùn ọkàn sì wà fún un gidigidi; dókítà rẹ̀ ni yóò tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ HSE, àfi bí ẹni pé ìsanra nìkan kò tíì tó àìsàn.