Nígbà Tí Ẹ́ńjìnnì Bá Ń Dún Kọ́kọ́kọ́

Ká ní ẹ gbé Toyota Celica kan kúrò ní Owódé ní Ọ̀yọ́ láàárọ̀, ẹ forí lé Ògbómọ̀ṣọ́. Mọ́tò eré ni, onílẹ̀kùn méjì. Ọdún 1970 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní Japan, wọ́n sì ṣíwọ́ ní 2006. Nítorí náà, àgbà ni gbogbo èyí tó ṣẹ́kù. Ẹ sún mọ́ Odò Ọbà, ẹ tẹ tọ́tù láti gun òkè, ni nǹkan bá ń kan lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì: kọ́, kọ́, kọ́.

Ẹ má yí rédíò sókè o. Mo mọ àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wo dáṣíbọọ̀dù. Bí iná pupa tó ní àwòrán agolo ọ́ìlì bá tàn, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ẹ pa ẹ́ńjìnnì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìrìn díẹ̀ tó kù yẹn lè sọ àtúnṣe kékeré di owó ńlá. Ẹ dúró díẹ̀ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ọ́ìlì ṣàn padà sísàlẹ̀. Ẹ fa irin tí a fi ń wọn ọ́ìlì yọ, ẹ nù ún, ẹ tì í bọ̀ padà, ẹ tún fà á yọ. Àmì méjì ló wà lára rẹ̀. Àárín wọn ló yẹ kí ọ́ìlì wà.

Nínú ẹ́ńjìnnì, pístìnnì ń lọ sókè sódò. Kọnrọ́ọ̀dù ló so ó mọ́ kráńkì tó ń yí nísàlẹ̀. Níbi tí àwọn méjèèjì ti pàdé, irin fẹ́lẹ́ méjì wà tó tẹ̀ bí òrùka tí a là sí méjì. Bíárìn nìyẹn. Ọ́ìlì ló ń la òun àti kráńkì láàárín kí irin má bàa kan irin. Bí ọ́ìlì bá gbẹ tàbí tí bíárìn bá jẹ, àyè á ṣí, irin á sì máa gbá irin. Ìró rẹ̀ wúwo, bí ìgbà tí wọ́n ń gún iyán nílé kejì. Bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná tí ọ́ìlì sì ṣàn, ńṣe ló ń le sí i.

Kì í ṣe gbogbo ìró ni ti bíárìn. Èyí tó ń ta kẹ́kẹ́kẹ́ lókè bí maṣíìnì aránṣọ, tápẹ́ẹ̀tì tó ń ti fáàfù ni. Èyí tó ń dún ní kùtùkùtù, tó sì pòórá bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, pístìnnì tí àyè ti ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni lọ́pọ̀ ìgbà. Èyí tó jọ òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo, tó jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá ń gun òkè nìkan lẹ ń gbọ́ ọ, epo bẹntiróòlù ló ń gbiná lọ́nà òdì. Epo burúkú tàbí táìmìn (àkókò tí pọ́lọ́ọ̀gì ń ta iná) tó yá jù ló sábà ń fà á.

Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ kì í kọ́kọ́ mú sípánà. Á mú sukurudiráfà gígùn, á fi ẹnu rẹ̀ kan ara ẹ́ńjìnnì, á fi èèkù rẹ̀ ti etí. Á máa sún un láti òkè wá sísàlẹ̀, á sì máa ṣọ́ fáànù. Lẹ́yìn náà, á fi pọ́láyà tó ní rọ́bà lọ́wọ́ yọ wáyà pọ́lọ́ọ̀gì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá yọ ẹ̀kẹta tí ìró náà rọlẹ̀, ọ̀dọ̀ pístìnnì kẹta ni wàhálà wà, torí kò sí iná tó ń tì í mọ́lẹ̀ mọ́. Á wá tú ọ́ìlì sínú abọ́ funfun. Bí ohun wẹ́wẹ́ bá ń dán yinrinyinrin nínú oòrùn, bíárìn ti ń lọ nìyẹn.

Ẹni tó fẹ́ ta mọ́tò bẹ́ẹ̀ lè da ọ́ìlì tó ki sí i kí ariwo lè rọlẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá ń lọ ra mọ́tò, ẹ jẹ́ kó gbóná dáadáa kí ẹ tó tẹ́tí.

Bí kráńkì bá ti bàjẹ́ kọjá ohun tí tọ́nà, oníṣẹ́ tó ń fi maṣíìnì ha irin, lè tún ṣe, wọ́n á ní kí ẹ wá ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ ní Agodi Gate n'Íbàdàn, tàbí ní Ládípọ̀ l'Ékòó. Èyí tó wà nílẹ̀ kò lè dún kọ́kọ́kọ́ sí yín létí. Ẹ ní kí wọ́n tú abẹ́ rẹ̀, kí ẹ fojú rí bíárìn kan, kí owó tó jáde.