Orúkọ Tí Bàbá Ńlá Wa Jẹ́

Àkànní ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì rí ẹ̀dà ìwé ìsàmì bàbá ńlá wa tí o fi sínú rẹ̀. Òótọ́ ni, Dandeson ni wọ́n kọ síbẹ̀. Orúkọ yìí ṣọ̀wọ́n, kò sì yà mí lẹ́nu pé o ń wádìí rẹ̀. Àmọ́ ibi tí o wá gbé e gbà, pé a ní láti jẹ́ ìbátan Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther torí pé ọmọ rẹ̀ kan jẹ́ Dandeson, jọ̀ọ́, rọra ná.

Wọ́n bí Dandeson Coates Crowther ní 1844. Òyìnbó kan tí í ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ míṣọ́n CMS ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà ló ni orúkọ yẹn. Kò bá wọn tan. Wọ́n fi dá a lọ́lá ni. Bíṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ọmọ Òṣoògùn ni. Nígbà tí wọ́n ṣe ìsàmì fún un ní Sàró ní 1825, orúkọ Samuel Crowther, àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ni wọ́n fún un. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nígbà náà nìyẹn. Àwọn tó ń fowó ṣàánú láti ìlú Òyìnbó a tilẹ̀ máa yan orúkọ fún ọmọ tí owó wọn ń tọ́ ní iléèwé míṣọ́n. Wo Thomas Babington Macaulay tó dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó ní 1859. Ọmọ Yorùbá ni, àmọ́ òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì kan, tí bàbá rẹ̀ ti ṣe gómìnà ní Sàró rí, ló ń jẹ́ orúkọ náà tẹ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ orúkọ nìkan là ń wò, ilẹ̀ Scotland là bá ti máa wá ìbátan Herbert Macaulay ọmọ rẹ̀, ẹni tó fojú ìjọba Òyìnbó rí màbo!

Nítorí náà, ẹni tí àwọn òbí bàbá ńlá wa ń bu ọlá fún ni kí o wá. Ìyá bàbá mi máa ń sọ pé Bonny ni bàbá Dandeson tiwa ti ń ṣòwò epo. Bonny náà ni Dandeson Crowther ti ṣiṣẹ́ àlùfáà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èmi fura pé ibẹ̀ ni orúkọ ti wá. Padà sínú ìwé ìsàmì yẹn, wo iṣẹ́ tí bàbá ń ṣe, ìlú tí wọ́n ń gbé, àti àlùfáà tó ṣe ìsàmì. Ìwọ tí o wà ní ìlú Òyìnbó, àwọn ìwé àtijọ́ CMS wà ní yunifásítì Birmingham. Lọ wò wọ́n.

Bí Dandeson tiwa bá sì ṣàdédé pòórá nínú ìwé, má sọ pé ó ti kú. Ọ̀pọ̀ ló ju orúkọ Òyìnbó nù láyé ìgbà yẹn. Bí àpẹẹrẹ, David Vincent di Mọ́jọlà Agbébì ní 1894.

Tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ lo ń wá, oríkì orílẹ̀ ni kí o béèrè. Òpómúléró ni wá, Màmá Abẹ́òkúta sì mọ̀ ọ́n kì délẹ̀délẹ̀. Pè é lọ́sẹ̀ yìí, kí o gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, torí ara màmá kò fi bẹ́ẹ̀ le mọ́. Má sì tíì kọ Crowther sínú ìwé ìtàn ìdílé tí o ń ṣe.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ